Wọ́n ní Crohn's ló ń ṣe àbúrò mi ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé mi

Àdùnní Tákíè (Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ bá mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí ẹ má dákẹ́ o, torí oorun ò kun ojú mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 22, yunifásítì LAUTECH níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé. Bí ọdún méjì sẹ́yìn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, apá ọ̀tún nísàlẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ló di ìgbẹ́ gbuuru, a kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ tó ń rà jẹ níta ni. Ó máa ń lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́, kódà ó ń jí lóru lọ. Kẹ́míìsì ní tàìfọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, ó fúyẹ́ díẹ̀ ó tún padà, wọ́n tún ṣe tẹ́ẹ̀sì wọ́n tún ní tàìfọ́ọ̀dù náà ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la tọ́jú tàìfọ́ọ̀dù yìí. Ìyá wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni torí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ẹ̀ jáde, wọ́n ra àgbo lọ́jà Àràdà, àgbo yẹn tún wá dá kún un. Ọmọ tó sanra tẹ́lẹ̀, ṣòkòtò ò dúró nídìí ẹ̀ mọ́. Egbò kún ẹnu ẹ̀. Eéwo kan dẹ̀ yọ lẹ́bàá ihò ìdí ẹ̀, á tú, á san, á tún tú.

Dókítà kan ló wá fara balẹ̀ wò ó tó ní ká gbé e lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun ẹ̀. Wọ́n gé bíńtín lára ìfun yẹn lọ fún tẹ́ẹ̀sì, wọ́n tún yẹ ikọ́ fée wò (ọmọ tí ò wúkọ́ rí!), kí wọ́n tó wá sọ pé Crohn's ni. Prednisolone àti azathioprine ni wọ́n fún un. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, ó ti ń jẹun, ìgbẹ́ ti dín kù sí ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀mejì. Àmọ́ ojú ẹ̀ wú gan-an, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ládùúgbò Under G ń pè é ní búrẹ́dì, ó wá ní ara òun ti yá, òun máa dá oògùn yẹn dúró lọ́la. Ìyá wa náà ti gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní oògùn òyìnbó tó ń wú ojú èèyàn, kí ló tún ń ṣe nínú.

Kí ni Crohn's gan-an? Ṣé ó ń ranni, torí ṣáláńgá kan náà la jọ ń lò, èmi dẹ̀ ní ọmọ kékeré? Kí ló lè máa jẹ?

Mosún Nọ́ọ̀sì (8:20 àárọ̀)

Àdùnní, kó o tó ka ohun tó kù, dìde lọ bá àbúrò ẹ nísinsìnyí, sọ fún un kó má dá prednisolone dúró lójijì. Ohun kékeré méjì kan jókòó lórí kíndìnrín wa tó máa ń ṣe irú nǹkan tó wà nínú oògùn yẹn fún ara lójoojúmọ́. Téèyàn bá ti gbé oògùn yẹn mì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan yẹn á lọ sùn, torí ẹlòmíì ti ń bá a ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Tí oògùn bá wá dúró lójijì, òun ò tíì jí, ara ò ní rí nǹkan lò, ọmọ á máa bì, á rẹ̀ ẹ́, ìfúnpá á já wálẹ̀, ó lè dákú, ó lè bá a lọ pátápátá. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, dókítà tó kọ ọ́ fún un ló máa ṣírò bó ṣe máa dín in.

Ojú tó wú yẹn, oògùn náà ló fà á, bó bá ṣe ń dín kù ni ojú á máa padà sí bó ṣe wà. Wọn ò ní kó máa lo prednisolone títí ayé, iná tó ń jó lọ́wọ́ ni wọ́n ní kó bá wọn pa. Azathioprine ni wọ́n fẹ́ kó máa ṣọ́ ilé lẹ́yìn ìyẹn, òun dẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbéṣẹ́, ó tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ìdí tí wọ́n fi jọ fún un papọ̀ nìyẹn. Kò dẹ̀ ranni, fi ọkàn ẹ balẹ̀ lórí ọmọ ẹ. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ń bọ̀ wá sọ ìyókù.

Bàbá Ṣọlá Ìjẹrú (9:05 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ohun tí Àdùnní kà sílẹ̀ yìí, ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ni jẹ̀díjẹ̀dí. Inú rírun, ẹ̀jẹ̀, egbò ìdí, kí ló tún kù? Adùn tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jẹ ló pọ̀ jù, mínírà láàárọ̀ mínírà lálẹ́. Egbò igi kan wà tí mo mọ̀, mi ò tà á, mi ò dẹ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, tó bá mu ún ẹ̀ẹ̀mẹta inú ẹ̀ á mọ́ tónítóní. Ọmọ yẹn ló ń ṣe mí láàánú ni mo ṣe sọ̀rọ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún Akẹ̀sán (9:47 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Mi ò fẹ́ já ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Aṣọ ni mò ń tà ní Akẹ̀sán níbí l'Ọ́yọ̀ọ́. Tèmi kì í ṣe Crohn's, ulcerative colitis ni wọ́n ń pe tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń bá a yí rèé. Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ikun, ìgbẹ́ á máa gbọ̀n mí lójijì débi pé tí n bá ní kí n ka owó oníbàárà tán kí n tó lọ, ó ti bọ́. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni mo mu fún oṣù márùn-ún gbáko. Bàbá, àgbo wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ṣe ló máa ń fọ inú, ìfun tí ọgbẹ́ ti kún látòkè délẹ̀ ẹ wá fún un ní ohun tó máa jẹ́ kó túbọ̀ ṣu, omi ara mi lọ, ẹ̀jẹ̀ mi lọ, wọ́n wọn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi (PCV), ó jẹ́ 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún, àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára kí n tó lè jókòó. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi kámẹ́rà wò mí.

Wọ́n fún mi ní mesalazine, ó balẹ̀. Ọdún kan gbáko mi ò rí ẹ̀jẹ̀. Ni mo bá ní Ọlọ́run ti ṣe é tán, mo pa oògùn tì. Oṣù kẹrin lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ ọjà, ó dé lójijì, mi ò lè dé ibi tí mo ń lọ. Mo fa ìró tuntun kan yọ nínú ọjà mi, mo ró o, mo dẹ̀ jókòó lórí àpótí títí ọjà fi tú, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọjọ́ yẹn lọ́hùn-ún lẹnìkan tó sọ fún mi pé àìsàn yìí máa ń sùn ni. Téèyàn bá rí i tó sùn, kì í ṣe pé ó ti lọ. Oògùn tí mò ń mu nígbà tí ara mi yá ló ń rẹ̀ ẹ́ sùn.

Àdùnní, bá mi sọ fún àbúrò ẹ pé mo mọ gbogbo ilé epo tó ní ṣáláńgá láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, mo dẹ̀ mọ èyí tí wọ́n máa ń tì pa. Ohun tó ń ṣe é yìí kì í ṣe ohun ìtìjú, àmọ́ mo mọ̀ pé ojú á ti tì í.

Mosún Nọ́ọ̀sì (1:15 ọ̀sán)

Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ ṣeun, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti ìró yẹn.

Ó yá, Crohn's. Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò jà. Nínú ìfun, àìmọye kòkòrò tí ò ṣe wá ní nǹkan kan ló ń gbébẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń bá wa ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ogun mọ̀ wọ́n wọ́n dẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ti ẹni tó ní Crohn's, àwọn ọmọ ogun yìí ò dá ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí ará ilé mọ́, wọ́n á máa jà láìsinmi, ara ìfun fúnra ẹ̀ ni ọgbẹ́ wà. Kò sí ẹni tó tíì lè na ìka sí ohun kan pé òun nìkan ló fà á. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé díẹ̀, ó ní àjọṣe pẹ̀lú àwọn kòkòrò inú ìfun yẹn, sìgá dẹ̀ máa ń jẹ́ kó le sí i gan-an. Mínírà kọ́ ló fà á, bàbá. Kì í dẹ̀ ṣe pé ẹnì kan fi nǹkan sí i lóúnjẹ, Àdùnní, torí mo mọ̀ pé màmá á ti máa rò ó.

Orúkọ dókítà kan ni, Burrill Crohn, òun àti Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer ló kọ̀wé nípa ẹ̀ ní ọdún 1932 ní New York, Crohn ló ṣáájú nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí lẹ́tà C. Ibi tí wọ́n kọ̀wé lé lórí náà ni ibi tó ń dun àbúrò ẹ, ìparí ìfun kékeré níbi tó ti pàdé ìfun ńlá, apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń fẹ́ràn jù, àmọ́ kò síbi tí ò lè dé láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ìdí tí egbò fi wà lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. Ó dẹ̀ máa ń fo ni, á jẹ ibì kan, á fo ibi tó dáa, á tún jẹ ibòmíì. Ti Rẹ̀mílẹ́kún ò kúrò nínú ìfun ńlá, láti ìdí ló ti máa ń gbéra lọ sókè láìfo, ojú awọ inú nìkan ló dẹ̀ ń bó. Crohn's máa ń jẹ ògiri ìfun wọnú látìhín dé ọ̀hún, tó bá jẹ ẹ́ já, á la ọ̀nà ẹ̀bùrú gba inú ẹran jáde. Eéwo ẹ̀bá ìdí tó ń tú tó ń san yẹn, ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tú u nílé, ẹ sọ fún dókítà ìfun yẹn tẹ́ ò bá tíì sọ.

Káyọ̀dé Láàbù (1:58 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n bá wọn fi kún un níbi ikọ́ fée yẹn torí ó jọ Àdùnní lójú. Ikọ́ fée kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń gbé, ó máa ń wọ ìfun, ibi tó dẹ̀ fẹ́ràn nínú ìfun ni ibi tí Crohn's fẹ́ràn gan-an. Inú rírun, ibà, rírù, gbogbo ẹ̀ bá ara wọn mu, kódà tí kámẹ́rà bá wọlé ó lè ṣòroó dá mọ̀. Oògùn Crohn's dẹ̀ ń rẹ àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀ ni, tó bá wá jẹ́ pé ikọ́ fée ló wà níbẹ̀, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Ti tàìfọ́ọ̀dù ló ń dùn mí jù. Tẹ́ẹ̀sì Widal tí wọ́n ń ṣe káàkiri yìí, àmì ìjà tí ara ti jà ló ń wò, ẹni tó ti ṣe tàìfọ́ọ̀dù rí, ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, kódà ẹni tí ibà mìíì ń ṣe, ó lè jáde lára wọn. Ọmọ tó tọ́jú tàìfọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta tí ò san, ó yẹ kí ẹnì kan ti dúró bèèrè pé ṣé òun ni lóòótọ́. Kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù, kí wọ́n rí i bóyá kòkòrò tàìfọ́ọ̀dù máa hù níbẹ̀, ló dáa jù.

Bàbá Ṣọlá Ìjẹrú (3:30 ọ̀sán)

Mo ka gbogbo ẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á bá ẹ tọ́jú ara ẹ. Mi ò mọ̀ pé àgbo lè da ẹ̀jẹ̀ èèyàn nù tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé ẹni tó bá wá bá mi lọ́la tó ní inú ń run òun, kí ni màá wò lára ẹ̀ tí màá fi mọ̀ pé kí n má fún un ní nǹkan kan?

Mosún Nọ́ọ̀sì (4:10 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, ìbéèrè yín yìí ló dáa jù látàárọ̀. Ẹ bi í pé ṣé ìgbẹ́ ń jí i lóru, torí ìfun tí nǹkan gidi kan ò ṣe kì í sábà jí èèyàn. Ẹ bi í pé ṣé ó ti tó oṣù kan. Ẹ wo aṣọ lára ẹ̀ bóyá ó ti ń tóbi jù ú lọ, ẹ ṣí ìpéǹpéjú ẹ̀ wò bóyá ó ti funfun, ẹ bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, bóyá ara ń gbóná lálẹ́, bóyá orókún tàbí ọrùn ọwọ́ ń dùn ún, bóyá ojú ẹ̀ máa ń pọ́n tó ń ro ó. Tí méjì bá ti wà níbẹ̀, ẹ dákun ẹ ní kó lọ sí ọsibítù, kí ẹ̀yin fúnra yín bá a sọ ọ́ torí á gbọ́ tiyín ju tèmi lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́ líle lọ́dọ̀ ẹni tó sanra tó ń jẹun dáadáa, ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí náà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti kọjá ogójì ọdún tẹ́jẹ̀ bá ń yọ ní ìdí ẹ̀, kí wọ́n wò ó ṣáà.

Láídé 300L (4:41 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ̀rù ti bà mí o, èmi náà tí ìdánwò bá ti ń bọ̀ inú mi á máa run mí, màá máa lọ ṣáá, tí mo bá ti ṣu tán ó máa ń rọlẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, mi ò rù. Ṣé Crohn's ni?

Mosún Nọ́ọ̀sì (4:50 ìrọ̀lẹ́)

Láídé, bó o ṣe sọ ọ́ yìí ó jọ IBS ju IBD lọ. IBD ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe Crohn's àti ti Rẹ̀mílẹ́kún papọ̀. Orúkọ wọn jọra ni, IBS kì í dá ọgbẹ́ síni nínú ìfun, kì í dẹ̀ di IBD, ìfun ẹ kàn ń yára bínú ni. Ìrora ẹ̀ kì í ṣe irọ́ ṣá o. Lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní skúùlù yín kí wọ́n yẹ ẹ́ wò, má kàn jókòó máa bẹ̀rù.

Ìyá Tọ́lá Olóúnjẹ (6:22 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àdùnní ní kí ló máa jẹ, kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní irú ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun, ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ọkà àti ẹ̀kọ méjèèjì kò ṣe ọmọ yẹn ní nǹkan kan. Ata ló máa ń dà á láàmú. Mo máa ń bu ọbẹ̀ tiẹ̀ sọ́tọ̀ kí n tó da ata rodo sí i. Ẹja, ẹyin sísè, adìẹ tí mo bó awọ ẹ̀, mọ́ínmọ́ín tí mo bó ẹ̀wà ẹ̀ dáadáa, ìrẹsì tó rọ̀. Dókítà sọ fún wọn pé ibì kan ti fún nínú ìfun ẹ̀, pé kó yàgò fún ohun tó ní okùn, a ò fún un ní àgbàdo yíyan, ẹ̀pà, igi ẹ̀fọ́, fùkù ọsàn. Àsìkò máńgòrò ló máa ń ṣòro jù, ẹ̀yin náà mọ bí máńgòrò ṣe máa ń pọ̀ nílùú yìí, ti olókùn yẹn kó o lọ́jọ́ kan, inú ẹ̀ le bí òkúta, ó bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Báyìí mo máa ń fún omi ẹ̀ fún un, mo ń sẹ́ ẹ.

Rẹ̀mílẹ́kún Akẹ̀sán (6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Tọ́lá, ẹ ṣe é. Èmi ní tèmi, ata ò ṣe mí ní nǹkan kan, mílíìkì ló máa ń da inú mi rú. Torí náà kó ra ìwé kékeré kan kó máa kọ ohun tó jẹ àti bí inú ẹ̀ ṣe ṣe sí, lẹ́yìn oṣù kan á mọ tiẹ̀. Kó má wá torí ẹ̀rù fi oúnjẹ sílẹ̀ o, ó ti rù tó.

Àdùnní Tákíè (8:35 alẹ́)

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kí yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ìyá wa, mo ka ti Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí wọ́n wá bèèrè ni pé ṣé ọmọ àwọn máa lè fẹ́yàwó bímọ, ṣé wọ́n máa ṣí i nínú. Mo dẹ̀ wo àpò oògùn ẹ̀, mo rí i pé ó ń ra diclofenac ní kẹ́míìsì torí orókún, ṣé kò burú?

Mosún Nọ́ọ̀sì (9:02 alẹ́)

Diclofenac yẹn, gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òun àti ibuprofen máa ń bó ìfun, wọ́n lè jí ohun tó sùn. Parasitamọ́ọ̀lù ni kó lò, kó dẹ̀ sọ ti orókún yẹn fún dókítà torí àìsàn kan náà ló lè máa gba oríkèé jáde.

Ẹ sọ fún màmá pé á fẹ́yàwó, á bímọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹni tó ní Crohn's bá bí ni kì í ní in. Oògùn kan wà, methotrexate, tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n yí i sí lọ́jọ́ iwájú, kó sọ fún dókítà kó tó gbèrò ọmọ. Ti iṣẹ́ abẹ, mi ò ní parọ́ fún un, ọ̀pọ̀ ló ń débẹ̀ nígbà tó bá yá, tí ìfun bá dí tàbí tó lu. Wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n á so ìyókù pọ̀, àmọ́ ó lè yọ níbòmíì, ìdí tí oògùn ò fi tán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Bó bá ṣe ń mu oògùn ẹ̀ déédéé ló ń sún ọjọ́ yẹn síwájú. Abẹ́rẹ́ kan náà wà, infliximab, wọ́n á gún àkọ́kọ́, wọ́n á tún gún un ní ọ̀sẹ̀ méjì àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ yẹn, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ, ó dáa gan-an fún ọ̀nà ẹ̀bùrú ìdí yẹn, owó ẹ̀ ló wúwo.

Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò déédéé nítorí azathioprine, kó má fo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Kí wọ́n wo fítámì B12 ẹ̀ náà, ìparí ìfun kékeré yẹn ni ara ti ń gbà á.

Àdùnní Tákíè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán)

Ó gbà. Ó bínú díẹ̀ pé mo gbé ọ̀rọ̀ òun síta, àmọ́ ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ka gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó mu oògùn ẹ̀ láàárọ̀ yìí lójú mi. A pe ọsibítù, wọ́n ní kó wá lọ́jọ́bọ̀, àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín prednisolone yẹn kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dẹ̀ wo ìdí ẹ̀. Bàbá Ṣọlá, ìyá wa ní kí n kí yín.

Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún, ó ní kí n bi yín bóyá òun lè pè yín. Ó ní ó ní ohun kan tóun fẹ́ bèèrè tí òun ò lè bi mí.

Rẹ̀mílẹ́kún Akẹ̀sán (12:31 ọ̀sán)

Mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ẹ ní kọ̀rọ̀. Kó pè mí lálẹ́ lẹ́yìn tí mo bá pa ìsọ̀ dé, ní bí aago méje ààbọ̀. Tí mi ò bá tètè gbé e, kó dúró díẹ̀ kó tún pè, ó mọ ibi tí màá wà.